Orúkọ Ìyá Ọkọ Mi Nínú Ìwé Ìtọ́kasí

Ìyàwó kì í pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Òkè-Ògùn nìyẹn, kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ ọkọ. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà kò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ nínú agbo ilé ọkọ tiwọn. Àní ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn wọlé, ìnagijẹ ni wọ́n fún un. Wọ́n ní Eyínmẹ́nugún, wọ́n ní Akọ̀wé, wọ́n ní Adúmáradán. Nígbà tí èmi náà délé ọkọ ní Ìbàdàn níbí, láàárín àwọn tó ń wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́, mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ìyẹn. Mi ò bọ́. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mo fi ọdún gbọọrọ jù lọ, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mò ń pè é títí dòní. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kò tíì jáde lẹ́nu mi rí.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé orí mi ò pé nígbà tí mo bá débi tí mò ń lọ.

Ara mi kì í balẹ̀ lórí ìjókòó. Bàbá tó bí mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé mi lé àga, àga ló máa kọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ wá wo irú èmi yìí kí n máa kọ ìwé fún oyè ọ̀mọ̀wé, kí n máa ṣe iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́, kí n máa dáná, kí n máa ti inú Àkóbọ̀ wọ kẹ̀kẹ́ dé ojú ọ̀nà ńlá, kí n tún wọ ọkọ̀ lọ sí yunifásítì lọ wá ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, kí n sì bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé tí mò ń kọ dá lórí bí àwọn obìnrin wa ṣe ń sá ilá àti ẹ̀fọ́ gbẹ, tí wọ́n ń kó o pa mọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ fún wọn. Wọ́n á ní, "Ilá gbígbẹ lo fẹ́ fi di dókítà?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n dúró dè mí, ọbẹ̀ ń bọ̀.

Ọ̀dọ̀ wa ni ìyá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Màmá, ń gbé. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni wọ́n, èyí tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mò ń kọ̀wé lé lórí, ńṣe ni wọ́n dìde. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n wá mú ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí etí rẹ̀ ti jẹ. Ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ máa ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún ni. Àròkọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, tí wọn ò tíì lọ́kọ, nípa bí àwọn ìyá ní ìlú wọn ṣe ń sá ẹ̀fọ́. Orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n àti orúkọ bàbá wọn ló wà lókè rẹ̀.

Mo kà á tán lórí ìdúró. Kì í ṣe pé mò ń pọ́n wọn o. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí nínú ìwé ọ̀mọ̀wé kankan: pé àwọn ìyá wọ̀nyẹn kì í sá ẹ̀fọ́ sójú oòrùn gangan. Wọ́n á kọ́kọ́ rì í bọ omi gbígbóná, wọ́n á fà á yọ kíá, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sábẹ́ àtíbàbà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣí. Nítorí ojú ìwé díẹ̀ yẹn, mo tú orí kẹta iṣẹ́ mi palẹ̀, mo sì tún un kọ látòkè délẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn ni ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Wọ́n á na ọwọ́ sí ife, ọwọ́ á kọjá ife. Mo bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Ring Road. Dókítà náà ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní àrùn tó ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín ni, pé ẹ̀gbẹ́ ti lọ, àárín ló kù, pé oògùn á máa dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Màmá kí i, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni pé ó fún wọn ní nǹkan. Inú takisí ni wọ́n ti wá bi mí pé ìgbà wo ni màá parí ìwé mi.

Mo ní, "Kò ní pẹ́, Màmá."

Wọ́n ní, "Ṣe kíá. Mo fẹ́ fojú ara mi rí orúkọ mi níbẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti ń sá fún mi. Èmi tí ara mi ò balẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo wá dà bí adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin tí kò ríbi yé e sí. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, ojú Màmá ni mò ń rò. Bí mo bá ń rokà, èmi àti orí kẹrin la jọ ń ro ó. Mo ń bínú sí oníkẹ̀kẹ́ tó dúró gbé èrò, mo ń bínú sí iná mànàmáná, mo sì ń bínú sí ọkọ mi tó ń sùn bí ẹni tí kò níyàá.

Ohun tó ń dá mi dúró gan-an, ìwé ìtọ́kasí ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí o bá yá lò nínú irú iṣẹ́ yìí, o gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ni ín àti ọdún tó kọ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìwé, o tún gbọ́dọ̀ to gbogbo àwọn ìwé náà bí a-bí-dí, orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé ṣáájú, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ni mo fi ń tò ó. Bí mo bá yọ ìpínrọ̀ kan kúrò, ẹnìkan á ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìwé tí kò sí nínú ẹ̀ mọ́. Bí mo bá fi ẹnìkan kún un nínú, màá gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀gá mi á fi pẹ́ńsùlù yí orúkọ náà po, á kọ "Ta nìyí?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kọ "Ta nìyí?" débi pé mo fẹ́ẹ̀ lè gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí mo bá ń fọ abọ́.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló gbà mí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Bódìjà. Ó wá kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń bá àwọn orúkọ jà.

"Àǹtí, ọwọ́ lẹ fi ń to gbogbo eléyìí?"

"Kí ni kí n fi tò ó? Ẹsẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sún. Ó mú mi kúrò nínú ètò ìkọ̀wé tí mò ń lò, èyí tó máa ń ṣe bí ẹni pé bébà funfun ló tẹ́ síwájú ẹni. Ó gbé òmíràn fún mi tí ojú rẹ̀ dúdú, tí lẹ́tà rẹ̀ gbẹ bí egungun, tí kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan lára ẹ̀. Ó ṣí fáìlì kan lọ́tọ̀ tí a ó máa kó gbogbo ìwé tí mo ti kà sí: òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún. Ìwé kọ̀ọ̀kan á ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ìyẹn orúkọ kúkúrú tó bá wù mí kí n fún un. Bí mo bá ń kọ̀wé lọ tí mo fẹ́ tọ́ka sí ẹnìkan, màá tẹ àmì kan, màá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, gbogbo àwọn tó bá jọ ọ́ á sì yọ orí jáde lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀, bí àwọn ọmọ tó gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ pín àkàrà. Màá mú èyí tí mo fẹ́, màá máa bá tèmi lọ. Mi ò ní kúrò lójú kan. Nígbà tí mo bá wá ní kí ẹ̀rọ náà kó ìwé jọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún rọ́pò kọ́kọ́rọ́ náà níbi gbogbo, yóò sì to gbogbo wọn sẹ́yìn láìku ẹnìkan.

Mo bi í pé, "Orúkọ wo ni kí n fún wọn?"

"Èyí tó bá ti wù yín ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa rí i."

Kò yẹ kó sọ irú ìyẹn fún ìyàwó ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo fún gbogbo àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní ìnagijẹ. Èyí tí gbólóhùn rẹ̀ gùn tí kò mọ ibi tó ń lọ, mo pè é ní Alárìnká. Obìnrin kan wà tó ń kọ̀wé bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ létí àdògán, mo pè é ní Olóhùn-iyọ̀. Oníjà wà níbẹ̀. Ajíṣafẹ́ náà wà níbẹ̀, èyí tó máa ń fi àwòrán aláràbarà sí ìwé tí kò ní nǹkan kan nínú. Inú mi ń dùn. Màá tẹ lẹ́tà méjì, Oníjà á yọjú, màá ní kó jókòó síbẹ̀, kó má bá ẹnikẹ́ni jà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, mo ń jókòó pẹ́.

Ó wá kan àròkọ Màmá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò le: mama ni mo kọ. Ṣùgbọ́n àyè òǹkọ̀wé ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí. Mo tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn, mo pa á rẹ́. Wọ́n wà ní yàrá kejì, mò ń gbọ́ ìwàásù nínú rédíò wọn. Mo dìde, mo lọ mu omi, mo padà. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, obìnrin tó kàwé tó báyìí. Ṣùgbọ́n kí n jókòó ti ògiri yàrá wọn kí n sì kọ orúkọ wọn gbẹrẹfu, láìsí Màmá, láìsí Ìyá, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo fẹ́ fẹsẹ̀ wọ́ abọ́ oúnjẹ wọn. Ọwọ́ mi kọ "Màmá Wa" sí àyè náà, mo sì bọ́ sórí ìwé tó kàn. Mi ò lè sọ pé mo gbàgbé, mi ò sì lè sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀. Ọwọ́ ló kọ ọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti fẹ́ tọ́ka sí wọn, mama ni màá tẹ̀, mama ni màá rí lójú ẹ̀rọ, ọkàn mi á sì balẹ̀ pé mo ń ṣe ohun tí wọ́n fẹ́.

Mo gbé iṣẹ́ náà lọ fún ọ̀gá mi. Nígbà tó dá a padà, kò sí "Ta nìyí?" kankan nínú ẹ̀. Ó wò mí látòkè gíláàsì rẹ̀.

Ó ní, "O ti ṣiṣẹ́. Ó sì dùn mọ́ mi pé o ti ń ka àwọn ará Éṣíà. Ẹni yẹn mọ ẹ̀fọ́ o."

Mi ò mọ ẹni tó ń wí. Mo rò pé àárẹ̀ ló mú un. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà," mo sì sá jáde kó tó yí ọkàn padà.

Ó ní kí n lọ tẹ̀ ẹ́, kí n sì fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ kejì. Mo sọdá sí Agbowó lójú ẹsẹ̀. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí: ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń bú èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ tò dé ojú gọ́tà. Ọkùnrin tó ń tẹ̀wé ní kí n lọ jókòó. Mo ní mo dúpẹ́, mo wà bẹ́ẹ̀. Mo dúró lé e lórí títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú bẹ̀ mí. Bí ìwé náà ṣe jáde, tó ṣì gbóná, mo dì í sínú ọ̀rá, mi ò ṣí i wò. Ohun tí ẹ̀rọ bá ti tò, kí ni mo tún fẹ́ yẹ̀ wò níbẹ̀? Nínú ọkọ̀ lọ sílé, mo gbé e lé itan bí ọmọ. Oníkẹ̀kẹ́ Àkóbọ̀ ní kí n fara balẹ̀, pé ilé mi ò ní sá lọ.

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí mo wọlé. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìwé ti dé, wọ́n ní kí n bá wọn mú gèlè wọn wá. Wọ́n wé e, wọ́n tún un ṣe, wọ́n wá na ọwọ́. Wọ́n ní kí n ṣí ẹ̀yìn ìwé fún àwọn. Wọ́n gbé dígí tó ń mú lẹ́tà tóbi, wọ́n wá ibi tí lẹ́tà orúkọ bàbá wọn wà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Mi ò lè jókòó. Mo lọ ń ja koríko nínú ìkòkò òdòdó tí kò ní koríko.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mi ò rí ara mi."

"Ó wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ rọra wò ó."

Wọ́n tún un wò. Wọ́n yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n gbé ìwé sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé dígí lé itan.

Wọ́n ní, "Ó ní láti jẹ́ pé ó bọ́ sí apá tí mi ò rí mọ́. Mo ti pẹ́ jù."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo gba ìwé náà. Mo wò ó, kò sí wọn níbẹ̀. Mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí wọn. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn orúkọ ti ń tán lọ, ni mo ti rí àkọlé àròkọ wọn. Ẹni tó kọ ọ́ ń jẹ́ Wa, M. Ẹ̀rọ ò mọ ìyá ọkọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fún un, ó mú èkejì ṣe orúkọ ìdílé, ó sì gé Màmá kù sí lẹ́tà kan. Ó wá yé mi wàyí ẹni tí ọ̀gá mi ń pè ní ará Éṣíà.

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Mo sọ bí ọwọ́ mi ṣe kọ̀ láti kọ ọ́. Mo ń sọ̀rọ̀ yára, mo ń fọwọ́ júwe, mo ní ojú wọn kọ́ o, èmi ni. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Èmi náà ò pe ìyá ọkọ mi lórúkọ rí. Ọjọ́ tí a sin wọ́n ni mo tó mọ orúkọ wọn dáadáa, níwájú ìwé ètò ìsìn. Mo dúró síbẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń kà á bí orúkọ àlejò." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Gbogbo àwọn tó ń pe tèmi ti lọ tán. Bàbá mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tá a jọ wà nílé ìwé. Ìyá ọkọ rẹ ni mí, ìyá ọmọ ni mí, Màmá ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ ìwé yẹn, mi ò tíì jẹ́ ìkankan nínú wọn. Lọ gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá."

Mo gbé e wá, mo gbé e lé àpótí iwájú wọn. Mo ṣí fáìlì náà, mo pa "Màmá Wa" rẹ́. Mo kọ orúkọ wọn lẹ́tà lẹ́tà, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, mo sì kọ orúkọ bàbá wọn tẹ̀ lé e. Mo ní kí ẹ̀rọ náà kó ìwé jọ. Kó tó di pé mo mí, ó ti fi wọ́n sí gbogbo ibi tí mo ti kọ mama láti orí kẹta lọ, ó sì ti gbé wọn kúrò nísàlẹ̀ lọ sáàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ọkàn mi ti padà sí Agbowó, mo ń rò ó pé kí ọkùnrin yẹn má tíì ti ṣọ́ọ̀bù. Mo fi agbára mú ara mi dúró.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lẹ́tà náà di ńlá, mo tún sọ ọ́ di ńlá sí i, títí orúkọ náà fi gba ojú ẹ̀rọ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́.

Wọ́n ní, "Ó ti pọ̀ jù, ó ń jáde lójú mi. Dín in kù." Mo dín in kù. "Dín in kù sí i. Ó tó. Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Wọ́n sún mọ́ ọn débi tí èémí wọn ń kan gíláàsì rẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ, wọ́n fi tọ àmì orí rẹ̀ náà. Wọ́n pẹ́ lórí ẹ̀. Wọ́n wá fara ti ẹ̀yìn àga, wọ́n di ojú.

Wọ́n ní, "Pè é."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwé ni mo ní kí o kà. Pè é, kí n gbọ́ ọ."

Ojúlé wa ò ní géètì ńlá, aládùúgbò wà ní ìta. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mi ò dìde, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ẹ̀ lórí ìdúró. Mo pe orúkọ ìyá ọkọ mi àti orúkọ bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Mo tún un pè, mo pè é kedere, bí mo ṣe ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi láàárọ̀.

Màmá di ọwọ́ àga mú, wọ́n dìde dúró ṣánṣán pẹ̀lú ojú tí wọ́n ṣì dì, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sókè.

Wọ́n ní, "Prẹ́sẹ́ntì, mà."